Ọmọ Ta Ni Eartha Kitt?

Ohùn ló kọ́kọ́ mú mi. Ọmọ mi obìnrin wà ní pálọ̀ tó ń wo kàtúùnù, èmi wà ní kíṣìnì tí mò ń rẹ́ ilá. Ìyá arúgbó kan wà nínú kàtúùnù náà, egungun lásán, tó ń wá bó ṣe máa fún ọba ní májèlé jẹ kóun lè gorí ìtẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ló ń yí gbirigbiri lórí ahọ́n, bíi ti ológbò tó rí ẹja tí kò sì fẹ́ kí ẹja mọ̀. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀, mo yọjú. Mo ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?" Ọmọ ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn: "Mọ́mì, kàtúùnù mà ni."

Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn yẹn. Òun ló ń kọ orin Kérésì kan tí wọ́n máa ń gbé sí i ní súpámákẹ́ẹ̀tì bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, orin obìnrin kan tó ń fi sùúrù ka gbogbo ohun tó ń retí lọ́wọ́ Bàbá Kérésì, ẹ̀wù onírun, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ ojú omi, òrùka, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ka lísìtì ẹrù ìdána sétí ọkọ ìyàwó tí òógùn ti bò. Mo gbé fóònù, mo wá a. Eartha Kitt lorúkọ rẹ̀, olórin, oníjó àti òṣèré ará Amẹ́ríkà. Mo kà á títí ilá fi gbẹ sórí pátákó, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà sì di búrẹ́dì àti ẹyin.

Iṣẹ́ alága ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn níbí, ìdúró tàbí ìjókòó, èyí tí wọ́n bá pè mí sí. Ẹni tó bá rí wa lóde ìdána á rò pé ẹnu lásán la ní. Ẹnu nìkan kọ́. Alága á kọrin, á jó, á ṣe bí ẹni ń sunkún nígbà tí wọ́n bá ń fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, á bínú lẹ́nu kí ọkọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, á fi ẹ̀fẹ̀ gba owó lápò ẹni tí kò tíì pinnu láti yọwó. Ojú rẹ̀ á sì tún wà lára onílù àti lára aago, torí wákàtí mélòó kan péré ni wọ́n san fún gbọ̀ngàn. Ìyá mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí rárá kí wọ́n tó papòdà. "Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo," ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Kí n mú ọ̀kan: kí n jókòó sínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí n máa bá àwọn onítíátà kiri, tàbí kí n tẹ́tí sí máṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n rà fún mi. Mi ò rí ọ̀kan mú. Títí wọ́n fi lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò tán láàárín wa, ìdí nìyẹn tí ìtàn obìnrin yìí fi wọ̀ mí lára tó báyìí.

Nídìí iṣẹ́ wa, ìbéèrè kan wà tí a kì í fò. Kí ìyàwó tó wọlé, màá ti pe àwọn àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ọmọ ta ni? Agboolé wo ni bàbá ti wá, níbo ni wọ́n ti bí ìyá, kí ni oríkì rẹ̀, Àṣàkẹ́ ni àbí Àbẹ̀kẹ́? Bí mo bá ti pè é bó ṣe yẹ, wàá rí i tí orí ọmọ náà á wú lábẹ́ ìbòjú. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé síwájú ìtàn Eartha Kitt, òun ló sì bà mí nínú jẹ́ jù.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1927, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ North. Oko òwú ló wà níbẹ̀. Ìyá tó mọ̀ sí ìyá ni Annie Mae Keith, aláwọ̀ dúdú tó ní ẹ̀jẹ̀ Cherokee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, lára. Bàbá ńkọ́? Òyìnbó ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí òyìnbó kankan tó jáde wá sọ pé èmi ni mo bí i. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé irè oko dára lọ́dún tí wọ́n bí òun, ìyẹn ni wọ́n ṣe fa orúkọ òun yọ lára orúkọ ilẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ olóko ni.

Ìyá rí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, àmọ́ ọkùnrin náà lóun ò lè gba ọmọ tó pupa tó bẹ́ẹ̀ sínú ilé òun. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dọ̀ tiwa, àwa alága ló máa ń pariwo "apọ́nbéporé" bí ìyàwó bá pọ́n, ẹbí ọkọ á sì máa náwó. Pípọ́n yẹn kan náà ni wọ́n torí ẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ jáde. Wọ́n gbé e fún ìdílé mìíràn. Ibẹ̀ ló ti ń ṣa òwú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń nà án, tí wọ́n ń pe àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lórí bí ẹni ń pe èèpè. Títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ló fi ń sọ pé ọmọ tí wọ́n kó fún ẹlòmíì ni òun. Ó tiẹ̀ máa ń pín ara rẹ̀ sí méjì: Eartha Mae ni ọmọ onítìjú tó wà nínú oko òwú, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, Eartha Kitt ni èyí tó ń jáde sórí pèpéle. Èyí èkejì ló ń bá èyí àkọ́kọ́ wá oúnjẹ.

Ọmọ ọdún bíi mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Harlem, ní New York, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó mọ̀ sí àǹtí, Mamie Kitt. Nígbà tó dàgbà, ó wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Mamie yìí gan-an ló bí òun. Ẹ wò ó ná: bàbá ò sí, ìyá sì di méjì. Ilé Mamie náà ò rọgbọ. Ọmọ ń sá jáde, ó ń sùn sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ológun kó tó pé ọmọ ogún ọdún.

Bó ṣe bọ́ sídìí ijó, ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ẹnì kan béèrè ni. Obìnrin kan dá a dúró ní ìgboro, ó bi í níbi tí ṣọ́ọ̀bù àtíkè Max Factor wà. Oníjó nínú ẹgbẹ́ Katherine Dunham ni obìnrin náà. Eartha, ọmọ ọdún 16, mú un dé ibẹ̀, òun náà sì bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń wọ ẹgbẹ́ yín. Wọ́n ní kó wá jó kí wọ́n rí i. Ó jó, wọ́n gbà á. Ọdún 1943 nìyẹn.

Dunham kì í ṣe oníjó lásán. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìgbésí ayé àti àṣà àwọn ènìyàn ní Yunifásítì Chicago, ní 1935 ló sì gba ojú omi lọ sí Haiti, Jamaica, Martinique àti Trinidad láti lọ wo bí àwọn ọmọ ọmọ ẹrú ṣe ń jó. Ohun tó rí níbẹ̀ ló gbé wá sórí pèpéle, ìlù ló sì ń darí kíláàsì rẹ̀. Ní 1945, wọ́n ṣe eré kan lórí Broadway, àdúgbò àwọn ilé tíátà ńlá New York, tí wọ́n pè ní Carib Song, ijó kan sì wà nínú rẹ̀ tí Dunham sọ ní Shango. Eartha Kitt wà lára àwọn tó ṣe eré náà. Ọmọ ọdún 18 ni.

Ẹ bá mi dúró níbẹ̀ díẹ̀. Olúkòso tó kúrò ní Ọ̀yọ́, tó bá àwọn èèyàn wa wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tó gúnlẹ̀ sí Trinidad àti Cuba, òun ló wá dohun tí wọ́n ń fi èjìká àti ìbàdí jó láàárín New York, lójú àwọn tó sanwó wọlé. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti gba orúkọ bàbá bàbá wọn lẹ́nu wọn ń jó ijó ilé ẹni tí wọn ò mọ̀nà rẹ̀ mọ́. Mi ò ní tìtorí ẹ̀ sọ Eartha Kitt di ọmọ Yorùbá. A ò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ purọ́ mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìlù máa ń ṣe fún ẹni tí kò ríbi gbé ẹsẹ̀ lé. Mo ti rí i lóde ìdána, tí ọmọ tí gbogbo èèyàn ń pè ní ẹlẹ́kún á gbọ́ bí gángan ṣe pe orúkọ rẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ á nà.

Ohun mìíràn tún wà tó rí lọ́dọ̀ Dunham. Ní 1944, wọ́n ṣeré ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, níbi tí wọn ò ti jẹ́ kí dúdú àti funfun jókòó pọ̀. Lẹ́yìn eré, Dunham jáde sórí pèpéle, ó sọ fún àwọn èrò pé òun ò ní padà wá bá wọn mọ́ títí wọn yóò fi gba àwọn èèyàn òun láyè láti jókòó tì wọ́n. Ọmọ tó bá wà lẹ́yìn aṣọ pèpéle tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé pèpéle kì í ṣe fún ijó nìkan.

Ẹgbẹ́ náà gbé e dé Mexico, wọ́n gbé e dé London àti Paris. Ní Paris ló ti já kúrò lára wọn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin ní ilé fàájì kan tó ń jẹ́ Carroll's. Ó kọ́ Faransé débi tó fi ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ní 1950, Orson Welles, gbajúgbajà onítíátà Amẹ́ríkà, fi í ṣe Helen ti Troy, arẹwà obìnrin inú ìtàn Gíríìkì, nínú eré tó gbé kalẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń sọ káàkiri pé kò sí obìnrin tó ń ru ẹ̀jẹ̀ sókè tó o láyé. Gbogbo ìwé tó bá ń sọ̀rọ̀ Eartha Kitt ló máa ń sáré lọ síbi gbólóhùn yẹn. Lójú tèmi, Istanbul ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Ó lọ kọrin ní Istanbul, ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, níbẹ̀ ló sì ti kọ́ orin ìbílẹ̀ wọn kan, Üsküdar. Kò yí i sí Gẹ̀ẹ́sì kó tó kọ ọ́. Èdè Tọ́kì ló fi kọ ọ́, ó sì gbé e sórí àwo ní 1953, àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ń rà á. Nígbẹ̀yìn, ó ń kọrin ní èdè bíi mẹ́wàá.

Mo mọ ohun tí ìyẹn ń náni. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí síbi ìdána tí ẹbí ọkọ ti jẹ́ Ìgbò, mo lọ bá ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan ní Gate, mo gbé àpótí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún ọ̀sán mẹ́ta kí wọ́n lè kọ́ mi ní orin kan ṣoṣo. Wọ́n á pe ọ̀rọ̀, màá pè é, wọ́n á mi orí: "Ìyàwó, o gbé e sókè jù, o ti ń bú wọn." A tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdána, bí mo ṣe gbé orin náà, bàbá àgbàlagbà kan tí wọn ò tíì rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ dìde, wọ́n bọ́ fìlà wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Owó tí wọ́n ná mi kọ́ ni mo ń sọ. Ojú wọn ni. Ojú ẹni tí wọ́n pe orúkọ ilé rẹ̀ níbi tí kò ti retí ẹ̀.

Amẹ́ríkà gbà á padà ní 1952, nínú eré New Faces of 1952 lórí Broadway. Orin kan ló fi borí gbogbo wọn: ó ń kọ ọ́ bí ẹni tí ayé ti sú, ó ń rá láti orí àga gígùn kan bọ́ sí èkejì. Orin Kérésì yẹn tẹ̀lé e ní 1953. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń gba òrùlé. Kì í fi agbára kọrin. Ọ̀rọ̀ ló ń tọ́jú. Ó máa ń di ọ̀rọ̀ mú sẹ́yìn eyín, á jẹ́ kó o retí rẹ̀, á wá fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ijó ló kọ́ ọ nìyẹn, bí mo ṣe gbọ́ ọ sí: oníjó mọ̀ pé ìdúró náà wà lára ijó. Ẹni tó bá ń pín iṣẹ́ rẹ̀ sí mẹ́ta, orin lọ́tọ̀, ijó lọ́tọ̀, eré lọ́tọ̀, kò tíì wò ó dáadáa. Ó ń ṣe eré nínú orin, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ń jó nígbà tó bá jókòó jẹ́ẹ́.

Fíìmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní 1958 ó bá Nat King Cole ṣe St. Louis Blues. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, òun àti Sidney Poitier wà nínú The Mark of the Hawk, fíìmù nípa ilẹ̀ Áfíríkà kan tó ń jà fún òmìnira, Enugu níbí sì ni wọ́n ti wá ya lára rẹ̀, nígbà tí àwa náà ku ọdún mẹ́ta ká gba òmìnira. Mo ti bi àwọn ọ̀dọ́ onífíìmù tí mo mọ̀ léèrè, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti gbọ́ ọ rí. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló di Catwoman nínú Batman orí tẹlifíṣọ̀n ní 1967, ìpín mélòó kan péré, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ṣì ń rántí, obìnrin dúdú tó wọ dúdú, tó ń kùn bí ológbò lójú gbogbo Amẹ́ríkà.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn tì.

Ọjọ́ 18 oṣù Kìn-ín-ní 1968, Lady Bird Johnson, ìyàwó Ààrẹ, pe àwọn obìnrin bí àádọ́ta wá jẹun ọ̀sán ní White House, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọ̀daràn nígboro. Wọ́n pe Eartha Kitt torí pé ó ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, ó ti lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin nítorí àwọn ọ̀dọ́ Anacostia kan ní Washington. Ààrẹ Johnson fúnra rẹ̀ yọjú. Eartha bi í pé kí la fẹ́ ṣe fún àwọn òbí tó gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí wọn ò ráyè wo ọmọ. Ààrẹ dárúkọ òfin kan tó ti pèsè owó fún ibi ìtọ́jú ọmọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Oúnjẹ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń lọ. Eartha ń nawọ́. Nígbà tí wọ́n fún un láyè, ó dìde, ó sọ fún ìyàwó Ààrẹ pé àwọn ọmọ tó dára jù ní orílẹ̀-èdè yìí lẹ ń kó lọ sójú ogun Vietnam kí wọ́n lè yìnbọn pa wọ́n tàbí kí wọ́n sọ wọ́n di aláàbọ̀ ara, ìyẹn ló ń bí àwọn ọ̀dọ́ nínú. Ó sọ ọ́ bí abiyamọ sí abiyamọ. Ọmọ tirẹ̀ ò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ. Ìwé ìròyìn gbé e pé omi lé ròrò sójú ìyàwó Ààrẹ. Àná ọjọ́ yẹn ni Eartha Kitt pé ọmọ ọdún 41, òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀.

Wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó dáhùn. Ohun tó ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, ní ìwọ̀n tèmi. Ìdána kan ni, ilé tó lówó. Mo ti béèrè ọmọ ta ni, wọ́n ti dárúkọ bàbá àti ìyá fún mi, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Bí mo ṣe gba ẹ̀yìn lọ mu omi, mo rí obìnrin kan tó wọ ìró àti bùbá ti ara rẹ̀, kì í ṣe aṣọ ẹbí, tó jókòó lórí bẹ́ńṣì nítòsí àwọn alásè. Ojú ìyàwó gan-an ló wà lójú rẹ̀. Mo kí wọn, mo ní ẹ kú ìnáwó, wọ́n sì bú sẹ́kún. Àwọn ló bí ìyàwó. Àbúrò bàbá tó tọ́ ọ dàgbà ló wà lórí àga ìyá ìyàwó níwájú, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún ìyá ọlọ́mọ yìí pé kó má yọjú, torí àwọn àna ò mọ̀ pé ìyá ìyàwó ń ta ògì. Mo padà síwájú. Nígbà tó kan ká pe àwọn òbí wá gbàdúrà, mo ní, "Ìyá mẹ́ta lorí ọmọ yìí bùn ún: èyí tó tọ́ ọ, èyí tó máa gbà á lọ́jọ́ òní, èyí tó bí i. Ẹ bá wa pe èyí tó bí i jáde." Ìyàwó ti dìde kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sáré gba àárín tábìlì lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Wọn ò san èyí tó kù nínú owó iṣẹ́ mi, wọ́n sì sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n má pè mí. Oṣù méje ni ìpè ò fi wá láti apá yẹn. Mo rán aṣọ ilé ìwé, mo kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ní ijó fún ayẹyẹ ìparí ọdún wọn, mo ya ohùn fún ìpolówó ọṣẹ lórí rédíò. Eku tí Mọ́mì ní kí n má lé ló bọ́ wa. Ọmọ mi ò pàdánù ọjọ́ kan nílé ìwé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ gùn. Iṣẹ́ gbẹ fún un ní Amẹ́ríkà fún bí ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti ń jẹun, níbi tí Faransé rẹ̀ àti àwọn orin tó kọ́ lẹ́nu onílé ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1975 ni ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA ti kó fáìlì jọ lórí rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán yẹn. Òfófó ló kún inú fáìlì náà: bó ṣe ń bá ọkùnrin ṣe, irú ẹ̀dá tó jẹ́, ohun tí ọ̀tá ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí wọ́n rí dì mọ́ ọn.

Láàárín ìgbà náà, ní 1972, ó lọ ṣeré ní Gúúsù Áfíríkà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú sì bínú sí i. Òun ní òun fi kówó jọ fún ilé ìwé àwọn ọmọ dúdú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, síbẹ̀ ibẹ̀ yẹn ò dùn mọ́ mi. Mo mọ bí ebi iṣẹ́ ṣe máa ń tú èèyàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó bínú náà ní ẹ̀tọ́.

Ó padà dé ní 1978 pẹ̀lú Timbuktu!, eré orí Broadway tí wọ́n gbé lọ sí ilẹ̀ Mali ìgbà láéláé. Géńdé kan tó taagun ló ń gbé e wọlé níbẹ̀. Wọ́n yàn án fún Tony, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn eré Broadway, Ààrẹ Jimmy Carter sì gbà á padà sí White House lọ́dún náà, ó kí i káàbọ̀. Ní 1983 ó kọrin dísíkò táwọn ọ̀dọ́ ń jó sí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní 2000, lẹ́ni ọdún 73, wọ́n tún yàn án fún Tony nítorí The Wild Party, ọdún yẹn náà ló sì ya ohùn ìyá arúgbó onímájèlé tó mú mi kúrò nídìí ilá. Ohùn yẹn gba Emmy, ẹ̀bùn àwọn ètò tẹlifíṣọ̀n, fún un ní 2007 àti 2008. Àrùn jẹjẹrẹ ìfun ló mú un lọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2008, ọjọ́ Kérésì gan-an, tí orin rẹ̀ ń dún ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ní 1961. Ìgbéyàwó náà ò pẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń gbé e kiri gbogbo ibi tó bá ti ń ṣeré. Orúkọ tí ó sọ ọ́ ni Kitt. Ó mú orúkọ tó gbà ní Harlem, èyí tí kò mọ̀ bóyá ti àǹtí ni tàbí ti ìyá, ó fi ṣe orúkọ àbísọ ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1997 ló rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Benedict College, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní South Carolina, pé kí wọ́n bá òun wá ìwé ìbí òun. Wọ́n wá a kàn. Ọjọ́ mìíràn ló ti ń ṣe ọjọ́ ìbí láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní 1998 ó lọ wò ó, òun àti Kitt. Ìwé náà ti gbó, ọjọ́ wà níbẹ̀, oṣù wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, orúkọ ìyá wà níbẹ̀. Ó wo apá ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ bàbá sí. Ẹnì kan ti fi yíǹkì dúdú pa á rẹ́. Ẹni ọdún 71 ni nígbà náà, ó dúró níbẹ̀ ó ń sunkún, ọmọ rẹ̀ sì dì í mú.